Ẹrù Tí A Jogún àti Ẹni Tí Ó Dì Í

Bí òṣìṣẹ́ kan tí ó ń gbé ní Agége bá ti ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà fún ogún ọdún, tí ẹ̀jẹ̀ ríru sì wá dá a dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a ó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé rẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó ṣe bàbá rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ní orí rẹ̀ ni kò gbè é. Àwọn tí ó gbà á síṣẹ́ yóò fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, wọn yóò sì fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ohun tí ogún ọdún àìsùn ní í ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé a ti fi àyànmọ́ pa ìbéèrè náà lẹ́nu mọ́. Wọn á ní àyànmọ́ kò gbóògùn, ẹjọ́ á sì parí síbẹ̀.

Ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ǹjẹ́ ohun tí ènìyàn bá gbé wáyé ni ó ń jẹ́ títí yóò fi kú, tàbí ọwọ́ tí ó gbà á tí ó sì lò ó ní ìpín tirẹ̀ nínú ohun tí ó dà? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń múra ìdánwò mọ ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀. Nínú ìwé tí Bọ́lájí Ìdòwú kọ lórí Olódùmarè ní 1962, ó ya ọ̀nà mẹ́ta tí ìpín fi ń di ti ènìyàn sọ́tọ̀: àkúnlẹ̀yàn, èyí tí a kúnlẹ̀ yàn; àkúnlẹ̀gbà, èyí tí a kúnlẹ̀ gbà; àti àyànmọ́, èyí tí a yàn mọ́ni. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ bí ẹni ń ka owó, wọn a sì gba máàkì wọn. Ohun tí a kì í sábàá bi wọ́n ni pé, lẹ́yìn tí a ti yàn án, tí a ti gbà á, ta ni ó dì í, ọ̀nà wo ni ó sì gbà dé ilé ayé?

Ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè náà. Orí tí àwọn méjì nínú wọn mú dára lójú, ṣùgbọ́n kò jinná nínú iná. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà, orí sì bàjẹ́. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí ìtàn yìí dáadáa yóò rí i pé ẹ̀bi ibẹ̀ ju ti ẹnì kan lọ. Àjàlá jẹ́ amọ̀kòkò tí ó ń jẹ gbèsè, tí ó ń sá pamọ́ sí òkè àjà fún àwọn olówó tí ó wá sin ín, tí kò sì ráyè fi iná tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Òjò pẹ̀lú ní ìpín tirẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí a bá ń sọ ìtàn náà fún ọmọdé, ẹni tí ó yan orí náà nìkan ni a máa ń dá lẹ́bi.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa ẹ̀dá alààyè ti wá gbé nǹkan kan ka iwájú àwọn tí ń jiyàn ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá náà mọ̀ nípa rẹ̀. Gbogbo ohun tí a máa ń sọ pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni a kọ sára okùn kan tí ń jẹ́ DNA. Okùn yìí wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tí a fi mọ ara ẹ̀dá, tí ojú lásán kò lè rí. Bí a bá tú okùn inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan ṣoṣo, kí a nà án tán, yóò gùn tó mítà méjì. Ṣùgbọ́n bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, mẹ́fà péré nínú rẹ̀ ni ìbú kókó tí ó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì, níbi tí okùn náà ń gbé. Kí ó lè yé ni, ẹ jẹ́ kí a sọ pé a fẹ kókó yìí títí ó fi tóbi tó ọsàn kan. Okùn inú rẹ̀ yóò wá gùn tó 20 kìlómítà, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀nà tí ó ti Ìkẹjà dé Erékùṣù Èkó. Síbẹ̀ yóò ṣì tín-ín-rín ju irun orí lọ. Báwo ni a ṣe fẹ́ kó irú okùn bẹ́ẹ̀ sínú ọsàn kan láìjẹ́ pé ó ta kókó, kí a sì tún lè rí ibi tí a bá ń wá lára rẹ̀ nígbàkigbà?

Ẹni tí ó bá mọ àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tí ó wà ní Ìkẹjà láyé ọjọ́un, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kógbá sílé, yóò ti mọ ìdáhùn. A kì í da òwú sínú àpótí lásán. A máa ń ká a mọ́ igi ni. Igi tí a ká DNA mọ́ ni histone. Púrótéènì ni histone, mẹ́jọ nínú wọn ni ó sì ń para pọ̀ di igi kan: oríṣi mẹ́rin, méjì méjì. Agbára iná tí ó wà lára histone àti èyí tí ó wà lára DNA yàtọ̀ síra, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa ara wọn mọ́ra bí òòfà ṣe ń fa irin. Okùn náà á lọ́ mọ́ igi kan ju ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀ lọ díẹ̀, á kọjá lọ sórí èkejì, á tún lọ́, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Histone oríṣi karùn-ún á wá dúró sí ẹnu ibi tí okùn ti wọlé tí ó sì ti jáde, bí ẹni tí ó fi ọwọ́ di ìdí ẹrù mú. Irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó 30 mílíọ̀nù nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. A ó tún ká àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà jọ, a ó tún wọn ká, kí wọ́n tó wọ inú kókó.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó ka iṣẹ́ yìí sí nǹkan. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Albrecht Kossel, ni ó kọ́kọ́ rí histone ní 1884, nínú ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ kan tí ó jẹ́ ìbátan pẹ́pẹ́yẹ. Fún nǹkan bí 90 ọdún lẹ́yìn náà, àpò ẹrù lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí. Ẹrù inú rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ọdún 1974 ni Roger Kornberg ṣàlàyé bí ìlẹ̀kẹ̀ náà ṣe tò. Ohun kan sì ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìgbà náà tí ó yẹ kí ó ti ta wọ́n lólobó. Ní 1969 ni wọ́n fi ọ̀kan nínú àwọn histone láti ara màlúù wé irú rẹ̀ láti ara ewéko kan tí ó jẹ́ ẹbí ẹ̀wà. Èròjà 102 ni ó tò tẹ̀ léra nínú púrótéènì náà. Méjì péré ni ó yàtọ̀. Ohun tí màlúù àti ẹ̀wà fi jọra tó bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti yapa, kì í ṣe ohun tí ẹ̀dá fi ń ṣeré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan àríyànjiyàn wa ni pé ẹrù tí a dì pinpin kò ṣeé kà. Sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀dọ̀ àti sẹ́ẹ̀lì awọ ara ènìyàn kan náà ní okùn kan náà, lẹ́tà kan náà ni a kọ sí i lára láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Síbẹ̀, ẹ̀dọ̀ kì í di awọ. Ìdí ni pé ibi tí a tú sílẹ̀ nínú ọ̀kan ni a dì nínú èkejì. Histone ní ohun kan bí ìrù tí ó yọ síta lára ìlẹ̀kẹ̀. Bí a bá lẹ èròjà kékeré kan tí ń jẹ́ acetyl mọ́ ìrù náà, ọwọ́ tí histone fi di DNA mú á dẹ̀, ibẹ̀ á ṣí sílẹ̀, ara á sì lè ka ohun tí a kọ síbẹ̀. Bí a bá ká a kúrò, ìdì á tún le. Vincent Allfrey ti sọ èyí ní Amẹ́ríkà láti 1964, ṣùgbọ́n ó di 1996 kí àwọn onímọ̀ tó rí púrótéènì tí ó ń lẹ̀ ẹ́ àti èyí tí ó ń ká a kúrò ní kókó sẹ́ẹ̀lì. Àmì mìíràn tún wà tí ó jẹ́ pé dídì gan-an ni ó ń mú kí ó le sí i. Nítorí náà, ohun méjì ni ọmọ ń gbà: ọ̀rọ̀ tí a kọ, àti bí a ṣe dì í. Ọ̀rọ̀ tí a kọ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ọjọ́ ìbí títí dé ọjọ́ ikú. Dídì rẹ̀ kì í dúró sójú kan.

Ní báyìí, kí a padà sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ Agége. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Ní 1962 ni Guinness ṣí ilé ọtí rẹ̀ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Àwọn tí ó wá iṣẹ́ wá láti ìlú àti abúlé ilẹ̀ Yorùbá rí ilé gbé ní Agége, nítorí pé owó ilé ibẹ̀ kò ga tó ti ibòmíràn. Nípa irú wọn ni Adrian Peace ṣe kọ ìwé kan tí ó jáde ní 1979. Ẹ̀rọ kì í sùn, owó tí a fi rà á sì ni láti padà wọlé. Nítorí náà ni a ṣe pín ọjọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta, tí a sì pín àwọn ènìyàn sí i. Èyí tí ó bọ́ sí òru ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní náìtì.

Ara ènìyàn ní aago tirẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán àti òkùnkùn òru ń darí. Ní 1997 ni wọ́n rí ọ̀kan nínú àwọn púrótéènì tí ó ń mú aago yìí ṣiṣẹ́ nínú ara èkúté, wọ́n sì sọ ọ́ ní CLOCK. Ní 2006, wọ́n wá rí i pé púrótéènì yìí fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ń lẹ acetyl mọ́ ìrù histone. Ìyẹn ni pé lójoojúmọ́, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ tí ó sì ń ṣú, ibì kan wà lára ẹrù wa tí a ń tú, ibì kan sì wà tí a ń dì. Ẹni tí ó ń sùn lọ́sàn-án tí ó ń jẹun lóru ń fa okùn náà sí ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe èyí nìkan ni iṣẹ́ alẹ́ ń ṣe sí ara, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ bí ẹni pé òun nìkan ni. Ṣùgbọ́n ní 2007, àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka iṣẹ́ alẹ́ mọ́ àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe gidigidi kí ó máa fa jẹjẹrẹ. Wọ́n tún un yẹ̀ wò ní 2019, wọn kò sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, orí wo ni kò gbe òṣìṣẹ́ náà? Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ìdílé rẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jogún irú rẹ̀ tí ó sì di arúgbó láìsí wàhálà. Ohun tí bàbá rẹ̀ fún un jẹ́ ìwé tí a kọ. Ilé iṣẹ́ náà wà lára ọwọ́ tí ó ń pinnu ojú ewé tí a ó ṣí.

Ewu kan wà níhìn-ín tí ó yẹ kí a kíyè sí. Bí a bá gba ẹ̀bi lórí orí, ó rọrùn láti gbé e lé ẹni tí ó súnmọ́ jù lọ, ìyẹn ìyá. Àwọn kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú oyún lè fi àmì sílẹ̀ lára ọmọ, wọ́n sì ń bi obìnrin léèrè ohun tí ó jẹ àti ohun tí ó rò nígbà tí ó lóyún. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Ìyàn mú ní ilẹ̀ Netherlands láàárín 1944 sí 1945, nígbà ogun. Ìwádìí tí ó jáde ní 2008 fi hàn pé àwọn tí ó wà nínú oyún nígbà náà ṣì ní àmì tí ó yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ ìyá wọn, ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà. Ara DNA ni àmì ọ̀hún wà, kì í ṣe ara histone, ṣùgbọ́n iṣẹ́ dídì àti títú kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Ní ilẹ̀ wa níbí, àwọn onímọ̀ yẹ àwọn àgbàlagbà wò ní Enugu, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2010. Àwọn tí ìyàn ogun Biafra bá nínú oyún tàbí ní ọmọ ọwọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ìṣòro ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti sísanra jù ń bá jà ju àwọn tí a bí lẹ́yìn ogun lọ. Ìwádìí ti Enugu kò yẹ histone ẹnikẹ́ni wò, nítorí náà kò yẹ kí a fi gbogbo ẹnu sọ pé dídì ni ó fà á. Ohun tí ó dájú ni pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà tí ó yan ebi. Àwọn tí ó dá ogun sílẹ̀, tí wọ́n sì dí ọ̀nà oúnjẹ, ní orúkọ.

Yorùbá ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí, kì í sì í ṣe sí ìyá nìkan. Ọmọ tí a bí tí ó ń ṣàìsàn, tí ó kú, tí a tún bí òmíràn tí òun náà ṣe bẹ́ẹ̀, ni à ń pè ní àbíkú. Òun ni a gbà pé ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ mulẹ̀ lọ́run, òun ni a ń bínú sí, òkú rẹ̀ ni a ń kọ ní abẹ kí a lè dá a mọ̀ bí ó bá padà wá. A ti mọ̀ báyìí pé àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde ni ó pa púpọ̀ nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, àti pé Nàìjíríà ni a ti ń bí ọmọ tí ó ní àrùn náà jù lọ ní gbogbo ayé. Níhìn-ín, ìwé fúnra rẹ̀ ni ó ní àṣìkọ: lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yí padà. Kò sí bí a ṣe lè dì í tí lẹ́tà náà yóò fi tọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà àyànmọ́ lè dúró síbí, kò sì ní jẹ̀bi.

Ṣùgbọ́n ojú ewé mìíràn wà nínú ìwé kan náà. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, oríṣi ẹ̀jẹ̀ kan ni ó ń lò tí àṣìkọ yìí kò kàn. Láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, ara á dì í pa. Ní 2008, wọ́n rí i pé púrótéènì kan tí ń jẹ́ BCL11A ni ó ń darí iṣẹ́ náà; a sì ti mọ̀ pé ó máa ń lo àwọn tí ń ká acetyl kúrò lára histone. Oògùn hydroxyurea, tí a ń gbé mì lójoojúmọ́, a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ti inú oyún yìí pọ̀ sí i. Ní òpin 2023, ìjọba ilẹ̀ Bìrìtìkó àti ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí ó ń jẹ́ Casgevy, èyí tí ó ń gba agbára lọ́wọ́ BCL11A, kí ojú ewé tí a dì lè ṣí padà. Àyànmọ́ gbóògùn. Iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là fún ẹnì kan, òbí tí ó ń gba owó oṣù ní ilé iṣẹ́ Ìkẹjà kò sì lè rí i san bí ó tilẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ìgbà ayé mẹ́wàá. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá kú ní Agége lónìí, ẹni tí yóò sọ pé bí ó ti yàn án lọ́run nìyẹn ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó yìí.

Ó kù díẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fò. Kò sí ẹni tí ó tíì fi hàn pé a ká olè tàbí ọ̀lẹ mọ́ histone. Èyí kò dí àwọn alárinà lọ́wọ́ láti máa wádìí bóyá wèrè tàbí olè wà nínú ìdílé kí wọ́n tó gbà kí ọmọ wọn fẹ́ ẹnì kan; kò sì dí olùkọ́ lọ́wọ́ láti máa sọ fún ọmọ pé bí bàbá rẹ̀ ṣe rí ni yóò rí. Ọmọ tí kò bá jọ ṣòkòtò á jọ kíjìpá, lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìrísí ni àwọn àgbà ń sọ. Ìwádìí ẹ̀jẹ̀ kí tọkọtaya má baà bí ọmọ sínú ìrora jẹ́ ohun tí ó tọ́. Kí a wá sọ pé ìwà ọmọ ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kò sí sáyẹ́ǹsì kankan nídìí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì bá èrò àwọn tí ó sọ pé ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe mu.

Ọ̀ràn òṣìṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru dá dùbúlẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìwà, nítorí pé a lè tọ́ka sí ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti wọ̀ ọ́. Àwọn ará ilé rẹ̀ lè bi ara wọn bí bàbá rẹ̀ ṣe kú. Ó dára kí wọ́n bi í. Kí wọ́n tún bi oṣù mélòó ni ó fi ṣe iṣẹ́ alẹ́ láìsinmi, bóyá ẹnikẹ́ni wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nínú ọdún wọ̀nyẹn, àti ẹni tí ó kọ ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ilé iṣẹ́, tí ó ń sọ ẹni tí yóò ṣe náìtì ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.